Ọ́dà ẹyọ méjìlá péré: ibo la ti fẹ́ rí ìdì 25 tí control chart ń bèèrè?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ẹ̀yin ọ̀gá wa nídìí quality, ẹ gbà mí o. Ṣọ́ọ̀bù lathe (máṣíìnì tó ń yí irin bá a ṣe ń gé e) la ní, CNC méjì (èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí), a máa ń ṣe búṣì, ṣáàfùtì àti róllà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lágbègbè Ọ̀tà àti Àgbárá tí pátì máṣíìnì wọn bá jẹ. Ọ́dà wa kì í pọ̀, méjìlá lónìí, ogún lọ́la, nígbà míì mẹ́fà péré. Kọ́sítọ́mà kan wá sọ pé òun fẹ́ rí control chart (ṣáàtì tó ń fi hàn bóyá iṣẹ́ dúró sójú kan àbí nǹkan ti yí padà) kí òun tó tún fún wa níṣẹ́. Mo ṣí ìwé, ìwé ní kí n kọ́kọ́ kó ìdì 20 sí 25 jọ, ẹyọ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí n tó fa ìlà kankan. Ìyẹn ti tó ọgọ́rùn-ún ẹyọ! Ọjà á ti wọ mọ́tò lọ, n ò tíì ní fa ìlà. Ṣé kí n kàn ṣẹ̀dá nọ́ńbà ni, àbí ọ̀nà wà?

*

Ẹ má ṣẹ̀dá nọ́ńbà kankan. Ọ̀nà wà, kò sì le.

Ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ ni pé ẹ ń wo ọ́dà kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ tó dá dúró. Búṣì méjìlá ti parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n lathe yẹn ò parí, ọ́párétọ̀ kan náà ló wà nídìí ẹ̀, chuck tó di irin mú kan náà, coolant tó ń tu ojú gígé kan náà, láti àárọ̀ títí wọ́n fi máa pa iná. Òun ni process yín. Pátì ń wá, pátì ń lọ, máṣíìnì ò kúrò níbẹ̀, máṣíìnì yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ya ṣáàtì fún. Tẹ́ ẹ bá ti gbà á bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún ẹyọ tó ń bà yín lẹ́rù yẹn, ẹ óò kó o jọ láìpẹ́ rárá.

Ìwé tẹ́ ẹ kà náà ò parọ́, ibi tó ti wá ló yàtọ̀ sí tiyín. Walter Shewhart ló kọ́kọ́ ya irú ṣáàtì yìí, 16 May 1924, ojú ewé kan péré ló fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ ní Western Electric, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹyọ kan náà lójoojúmọ́ láti oṣù dé oṣù, kí ni ìdì 25 fẹ́ jẹ́ lójú wọn? Ìgbà táwọn èèyàn bíi Shigeo Shingo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkókò sẹ́tìǹgì (títún máṣíìnì tò fún pátì tuntun) kù ní Japan (ó sọ bí wọ́n ṣe sọ páàrọ̀ dáì lórí prẹ́ẹ̀sì oní-1,000 tọ́ọ̀nù ní Toyota láti wákàtí mẹ́rin di ìṣẹ́jú mẹ́ta) ni ọ́dà kékeré wá di nǹkan tí ilé iṣẹ́ ńlá náà ń ṣe, tí ìṣòro yín sì di ìṣòro gbogbo ayé.

*

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é nítorí ẹni tó ní kò yé òun.

Ká ní láàárọ̀ ẹ gé búṣì 25.00 mm, lọ́sàn-án ẹ gé ṣáàfùtì 40.00 mm, nírọ̀lẹ́ ẹ gé róllà 32.50 mm. Ẹ má kọ 25.012 sórí ṣáàtì. Ohun tí drawing (àwòrán pátì tó ní sáìsì tí kọ́sítọ́mà fẹ́) bèèrè, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí máíkírọ́mítà sọ, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ máa kọ. 25.012 di +12, 39.995 di −5, 32.508 di +8, máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm) ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ti rí i pé pátì mẹ́ta tí sáìsì wọn ò jọra rárá ti wà lórí ìlà kan náà, òdo sì ni àárín fún gbogbo wọn. Ẹ máa tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde lára máṣíìnì, ibi tí pátì bá ti yí padà kẹ́ ẹ fa ìlà òòró tín-ín-rín síbẹ̀ kẹ́ ẹ kọ orúkọ pátì tuntun sí i.

Ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ń kọ, ẹ wo iye tí ẹyọ kan fi yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú ẹ̀, ẹ má wo bóyá ó lé ni àbí ó dín, ẹ wá áfíréèjì gbogbo ìyàtọ̀ yẹn, ẹ fi 2.66 lọ́po ẹ̀, ẹ fi kún àárín fún ìlà òkè, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ fún ìlà ìsàlẹ̀. Tí áfíréèjì ìyàtọ̀ bá jẹ́ 6, ààlà yín wà ní nǹkan bíi 16 sókè àti 16 sísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ní ṣáàtì tiẹ̀, 3.267 ni wọ́n fi ń lọ́po ibẹ̀, ìyẹn bíi 20.

Nǹkan kan wà táwọn èèyàn máa ń bá mi jà sí. Ìyàtọ̀ tó bọ́ sí àárín ẹyọ tó kẹ́yìn nínú pátì kan àti ẹyọ àkọ́kọ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ má kà á mọ́ áfíréèjì. Àwọn kan ní kí wọ́n kà á, pé òótọ́ ni pé nǹkan yí padà. Ó yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n sẹ́tìǹgì tuntun ló yí i, tẹ́ ẹ bá kà á mọ́ ọn ààlà yín á fẹ̀ débi pé kò ní rí nǹkan kan mú mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ àkọ́kọ́ náà wà lórí ṣáàtì o, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa mọ̀ bóyá sẹ́tìǹgì dáa, ẹ ṣáà má fi ìyàtọ̀ ẹ̀ ṣírò ààlà.

*

Bọ̀dá tó ní òun máa ń fa ìlà tolerance sórí ṣáàtì kí wàhálà lè kéré, ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò gbà pẹ̀lú yín, n kò sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Tolerance ni ohun tí kọ́sítọ́mà fẹ́, ìyẹn bí sáìsì ṣe lè yẹ̀ tó kó tó kọ pátì. Ààlà orí ṣáàtì ni ohun tí máṣíìnì lè ṣe. Èkíní ò mọ èkejì rí. Ká ní tolerance jẹ́ ±40, ṣáàtì sì ní máṣíìnì kì í kọjá ±16. Insert (ẹnu ọ̀bẹ tó ń gé irin) wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán, ẹyọ kan jáde ní +25. Tolerance ní kò sí wàhálà, ẹ máa gé lọ. Ṣáàtì ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí máṣíìnì yìí, ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó. Èwo lẹ máa gbọ́ nínú méjèèjì? Ẹ yí i padà wàyí, kí tolerance jẹ́ ±10, kí máṣíìnì wà ní ±16 láìṣẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe máṣíìnì yẹn, bó ṣe mọ nìyẹn, kò sí bí ọ́párétọ̀ ṣe fẹ́ máa tẹ offset (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sún ọ̀bẹ máṣíìnì) tó tí gbogbo ẹyọ á fi bọ́ sínú ±10, grinding (fífi òkúta lọ irin) ni iṣẹ́ yẹn ń bèèrè. Ẹni tó fa ìlà tolerance sórí ṣáàtì ò ní rí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, á kàn máa bú ọ́párétọ̀ ni.

*

Ẹnì kan bèèrè pé stainless ńkọ́. Ìbéèrè tó dáa jù látàárọ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà yíyọ-nọ́ńbà-drawing yẹn ti máa ń dójú ti èèyàn.

Ó ṣiṣẹ́ tí gbogbo pátì bá ń gbọ̀n bákan náà lórí máṣíìnì, ìyẹn ni pé kí nọ́ńbà wọn máa lọ sókè sódò ní ìwọ̀n kan náà. Mild steel àti stainless kì í gbọ̀n bákan náà, ṣáàfùtì tó gùn tó sì tín-ín-rín kì í ṣe bíi búṣì kúkúrú. Tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀ sórí ààlà kan, stainless á máa pariwo lásán, mild steel á sì máa fi ohun tó ń ṣe é pamọ́. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni 1.3: tí áfíréèjì réǹjì (ìyàtọ̀ láàrin èyí tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù nínú ìdì) pátì kan bá ju ìlọ́po 1.3 ti gbogbo wọn lápapọ̀ lọ, tàbí tí kò tó 0.77 ẹ̀, ẹ má fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ pín in. Ká ní ìdì ẹlẹ́yọ mẹ́ta lẹ̀ ń mú. Áfíréèjì ìdì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ nọ́ńbà drawing, ẹ fi áfíréèjì réǹjì tí pátì yẹn máa ń ní pín in. Ààlà á wá jẹ́ +1.023 àti −1.023 fún gbogbo pátì láyé yìí, réǹjì náà tẹ́ ẹ bá pín in bẹ́ẹ̀, ìlà òkè ẹ̀ jẹ́ 2.574. Ẹ wò ó: tí áfíréèjì réǹjì mild steel bá jẹ́ 6, ti stainless jẹ́ 14, ìdì tó fi 9 kọjá drawing nídìí mild steel á di 1.5, ó ti jáde. 9 kan náà nídìí stainless á di 0.64, kò ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà kan náà lórí máíkírọ́mítà, ìtumọ̀ méjì.

Pátì tẹ́ ẹ ò ṣe rí ńkọ́? Ẹ lo réǹjì pátì tó jọ ọ́ jù nínú èyí tẹ́ ẹ ti ṣe, irin kan náà, máṣíìnì kan náà, irú gígé kan náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyálò ni títí tiẹ̀ gan-an á fi pọ̀ tó.

*

Ẹni tó ní ká gbàgbé ṣáàtì, ká wọn gbogbo ẹyọ méjìlá kó parí. Mo gbọ́. Tó bá jẹ́ méjìlá, ẹ wọn gbogbo ẹ̀ lóòótọ́, n ò bá yín jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nọ́ńbà yẹn nù? Wíwọ̀n ń sọ fún yín pé èyí dáa, èyí ò dáa. Kò lè sọ fún yín pé gbogbo ọ́dà yín láti oṣù tó kọjá ló ní àrùn kan náà.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó jẹ́ kí n gba ṣáàtì yìí gbọ́ nìyẹn. Kò sí pátì kankan tó dàbí ẹni pé ó ní wàhálà, gbogbo wọn ń wọ inú tolerance. Ìgbà tá a tò wọ́n sórí ìlà kan ṣoṣo, pátì oríṣiríṣi, kọ́sítọ́mà oríṣiríṣi, la rí i pé ẹyọ àkọ́kọ́ láàárọ̀ máa ń wà lókè, wọ́n á wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀ títí di bí agogo mẹ́wàá. Máṣíìnì tútù ni. Wọ́n ń tan án, wọ́n ń gé irin lójú ẹsẹ̀, kí spindle (ọ̀pá tó ń yí irin) àti ball screw (ọ̀pá tó ń sún ọ̀bẹ) tó gbóná tó. A ní kí wọ́n jẹ́ kó máa yí lófìfo fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi irin sí i, ó sì tán. Kò sí ọ́dà kan tó lè sọ ìyẹn fún wa fúnra ẹ̀, torí ẹyọ tá a bá gé láàárọ̀ ọjọ́ kan kì í tó nǹkan.

*

Ma, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rọ ọṣẹ olómi sínú ìgò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín dáadáa. 250 ml láàárọ̀, lítà kan lọ́sàn-án, máṣíìnì kan náà. Kẹ́ ẹ má kàn yọ nọ́ńbà ara ìgò kúrò ṣá, torí bí ìgò ṣe ń tóbi ni ìyàtọ̀ ń pọ̀ sí i, ìpín-sí-réǹjì tí mo sọ sókè yẹn ni kẹ́ ẹ lò. Nǹkan kejì, tí ẹnu mẹ́rin bá wà lára máṣíìnì yín, ẹ má mú ìgò kan lábẹ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wá pè é ní ìdì kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹnu sí ẹnu á wọ inú réǹjì, ààlà á fẹ̀, gbogbo àmì á wá sùn sí àárín ṣáàtì, ẹ óò máa yọ̀ pé nǹkan ń lọ dáadáa nígbà tí ẹnu kẹta ti dí. Kí ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ṣáàtì tiẹ̀.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ lathe, torí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ohun tó ń jẹ owó jù nínú ọ́dà kékeré: sẹ́tìǹgì. Tí ọ́dà bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ẹyọ márùn-ún tó bàjẹ́ nígbà sẹ́tìǹgì ò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ méjìlá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ́párétọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gé ọ̀kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, +8, wọ́n á fi 8 sí offset. Wọ́n á gé òmíì, −6, wọ́n á dá 6 padà. Òmíì, +9. Wọ́n á máa lé e kiri bí ẹni ń lé adìyẹ ìgboro. Deming, ọ̀gá àgbà nídìí ọ̀rọ̀ quality, máa ń fi ìdánwò àrọ (funnel experiment) kọ́ èèyàn ní èyí: tí máṣíìnì bá ti wà lójú ibi tó yẹ kó wà, tẹ́ ẹ wá ń fi gbogbo àṣìṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tún un ṣe, variance (òṣùwọ̀n bí nọ́ńbà ṣe ń fọ́n ká) á di ìlọ́po méjì, ìyẹn ni pé sígmà yín (square root variance yẹn) á fi bí ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Ọwọ́ ara yín lẹ fi bà á jẹ́.

Frank Grubbs, onímọ̀ statistics ará Amẹ́ríkà, ti kọ ojútùú ẹ̀ sílẹ̀ láti 1954, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa ò pọ̀. Ẹyọ àkọ́kọ́, ẹ fi gbogbo àṣìṣe ẹ̀ tún offset ṣe. Ẹyọ kejì, ìdajì àṣìṣe ẹ̀ péré. Ẹyọ kẹta, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹyọ kẹrin, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wò ó báyìí: ẹyọ àkọ́kọ́ +30, ẹ yọ 30. Èkejì +8, ẹ yọ 4. Ẹ̀kẹta −6, ẹ fi 2 kún un. Ẹ̀kẹrin +4, ẹ yọ 1. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ó di ìgbà tí ṣáàtì bá sọ pé nǹkan ti yí kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ sí i lẹ̀ ń mọ ibi tí máṣíìnì wà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo fi gbọ́dọ̀ máa fúyẹ́ sí i lójú yín. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ara máṣíìnì, 1, ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin, kò gba ẹ̀kọ́ kankan.

*

Pre-control: mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti dárúkọ ẹ̀. Ẹgbẹ́ Frank Satterthwaite àti Dorian Shainin ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1950 sí 1960. Ìdajì àárín tolerance jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ yẹ́lò, ìta jẹ́ pupa. Ẹyọ márùn-ún tẹ̀ léra nínú àwọ̀ ewé, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ máa mú méjì-méjì wò. Ó rọrùn, kò fẹ́ ìṣirò, tó bá jẹ́ ọ́dà mẹ́fà lẹ̀ ń ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kò sí ìtàn kankan nílẹ̀, ẹ lò ó, n ò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n orí tolerance ló jókòó lé, gbogbo ohun tí mo bá bọ̀dá jà sí lókè wà nínú ẹ̀. Kò lè kọ́ yín ní nǹkan kan nípa máṣíìnì yín.

*

Àbúrò tó ń ka statistics, tó ní kí ọ̀gá yìí lo Q chart. Charles Quesenberry ló kọ ìyẹn ní 1991, ọgbọ́n gidi ni: ẹyọ kọ̀ọ̀kan, o máa fi gbogbo èyí tó ṣáájú ẹ̀ wọ̀n ọ́n, o ò nílò ìtàn kankan, láti bí ẹyọ kẹta lo ti lè máa rí àmì. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tí máṣíìnì bá yẹsẹ̀ ní kùtùkùtù, bí ẹyọ kẹfà, ìṣirò á pariwo lẹ́ẹ̀kan tàbí kó má tilẹ̀ pariwo, lẹ́yìn náà á gbé ìyẹsẹ̀ yẹn mì, á kà á mọ́ ìtàn, gbogbo ẹ̀ á sì padà dákẹ́. Tí ọ́párétọ̀ ò bá dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rí ti lọ. Ẹni tó ní Excel tó sì ní ẹni tó máa dúró tì í, kó lò ó. Ẹni tó ní pẹ́ńsùlù àti ìwé, kó yọ nọ́ńbà drawing.

CUSUM tó o sọ yẹn, ṣáàtì tó ń ro ìyàtọ̀ gbogbo ẹyọ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde, mo gbà pátápátá. Page ló kọ ọ́ ní 1954, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí máṣíìnì bá fi sígmà kan péré yẹ̀, ṣáàtì ẹyọ-kọ̀ọ̀kan, tá a bá wo áfíréèjì, á jẹ́ kí bíi ẹyọ 44 kọjá kó tó sọ̀rọ̀. CUSUM á sọ ọ́ láàrin bíi mẹ́wàá. Fún ọ́dà ogún, 44 túmọ̀ sí pé ọjà ti dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ṣáàtì àkọ́kọ́ bá ti mọ́ wọn lára, òun ló kàn.

*

Kí n tó gbàgbé, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fi ń wọn nǹkan. Vernier tó ń ka 0.02 mm, 20 máíkírọ́ọ̀nù nìyẹn, tí ààlà yín bá jẹ́ 16 kò lè rí nǹkan kan, nọ́ńbà kan náà lẹ óò máa kọ léraléra. Ẹ jẹ́ kí pátì tutù náà. Irin máa ń fi bíi 11.5 máíkírọ́ọ̀nù gùn sí i lórí mítà kan fún dígíríì kan. Ṣáàfùtì 40 mm tó fi 30 dígíríì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ á fi bíi 14 máíkírọ́ọ̀nù tóbi lójú máíkírọ́mítà. Ooru lẹ kọ sórí ṣáàtì yẹn, ẹ ò kọ gígé.

*

Ẹni tó bèèrè ti padà wá, ó ní: "Ó yé mi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà yìí ní òun fẹ́ Cpk lórí ẹyọ méjìlá náà, 1.33 sókè."

Cpk ni nọ́ńbà tó ń sọ bí iṣẹ́ máṣíìnì ṣe lè wọ inú tolerance tó, bó bá ṣe ga ló ṣe dáa. Ẹ má fún un ní Cpk ẹyọ méjìlá láìsọ bó ṣe rí fún un. Tí ìṣirò bá jáde ní 1.33 lórí ẹyọ méjìlá, ibi tí òótọ́ lè wà á bẹ̀rẹ̀ láti bíi 0.75 títí dé 1.9. Ìyẹn lè jẹ́ máṣíìnì tó ń ba ọjà jẹ́, ó sì lè jẹ́ èyí tó dáa gan-an, nọ́ńbà yẹn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fún un ní nǹkan mẹ́ta pọ̀: nọ́ńbà gbogbo ẹyọ méjìlá bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n wọ́n, ṣáàtì máṣíìnì tẹ́ ẹ ti sàmì síbi tí pátì tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, àti Cpk tẹ́ ẹ fi sígmà máṣíìnì láti ara gbogbo pátì irú tiẹ̀ ṣírò, kẹ́ ẹ kọ iye ẹyọ tó wà nínú ẹ̀ sí i. Tó bá ní ọmọ quality lọ́dọ̀, ìyẹn á mọ̀ pé ẹ ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ní bí ìdì ogún kẹ́ ẹ tún ààlà ṣírò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá yí nǹkan gidi padà lára máṣíìnì. Ẹ kó áfíréèjì réǹjì pátì kọ̀ọ̀kan wá síbí tó bá ti pọ̀ díẹ̀, ká jọ wo èyí tó kọjá 1.3.